Ìbéèrè Tí Wọ́n Fi Owó Rà

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, ènìyàn 84 tí wọ́n ti ṣe ìdánwò GMAT gbọ́ pé wọ́n ti fagi lé èsì àwọn. Àwọn yunifásítì tí wọ́n fi èsì náà ránṣẹ́ sí gbọ́ pẹ̀lú. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ní Amẹ́ríkà ló sì ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ wa tí ń múra ìdánwò àṣewọlé, àti òbí tí ń sanwó rẹ̀, gbọ́ ọ délẹ̀délẹ̀.

GMAT ni ìdánwò tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga fi ń yan àwọn tí wọn yóò gbà láti kọ́ ìmọ̀ òwò àti ìṣàkóso, ìyẹn MBA. Lákòókò yẹn, ìbéèrè 41 ni wọ́n ń béèrè lórí èdè Gẹ̀ẹ́sì láàárín ìṣẹ́jú 75, bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ló sì jẹ́ àtúnṣe gbólóhùn. Wọn á kọ gbólóhùn gígùn kan, wọn á fa ìlà sábẹ́ apá kan nínú rẹ̀, wọn á wá to ìdáhùn márùn-ún sílẹ̀. Ìdáhùn àkọ́kọ́ kò yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Mẹ́rin yòókù tún un tò lóríṣìíríṣìí. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó ń wá, márààrún ni yóò dùn létí rẹ̀.

Ibi tó le yìí ni àwọn kan fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Ìkànnì kan wà nígbà náà tí ó ń jẹ́ Scoretop. Ẹni tí ó bá san 30 dọ́là lóṣù yóò wọ ibi tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò ti ń kọ ìbéèrè tí wọ́n bá pàdé sílẹ̀ fún àwọn tí yóò wọlé lẹ́yìn wọn. Bí i 6,000 ènìyàn ló sanwó. GMAC, àjọ tó ni ìdánwò náà, gbé ẹni tó ni ìkànnì yìí lọ sí ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Virginia. Nígbà tí ó di oṣù kẹfà ọdún 2008, adájọ́ dá àjọ náà láre, ó sì ní kí wọ́n gba owó tó lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là. Àjọ náà wá tú inú àkọsílẹ̀ ìkànnì ọ̀hún wò.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sanwó ló ń pariwo pé ìbéèrè ìgbáradì lásán ni àwọn rò pé àwọn rà. Ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀, mi ò sì rò pé olè ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n 84 yẹn kò rí àwáwí kankan ṣe, torí ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kọ ẹ̀rí sílẹ̀. 12 nínú wọn ló kọ ìbéèrè tí wọ́n rí nínú ìdánwò síbẹ̀. 72 yòókù ló padà wá dúpẹ́ tàbí wá jẹ́rìí pé ìbéèrè orí ìkànnì náà jáde sí àwọn lóòótọ́. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Wọ́n ní àwọn 12 yẹn kò gbọdọ̀ tún jókòó ṣe ìdánwò náà fún ọdún mẹ́ta, ó kéré tán.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ohun tí wọ́n sá fún kì í ṣe ohun tí orí ènìyàn kò lè gbé. Ẹ wo gbólóhùn yìí: “The box of mangoes that the traders brought from Ọ̀yọ́ are heavy.” Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni yóò kà á kọjá láìfura. Ojú wọn ti rí “mangoes”, ó ti rí “traders”, “are” sì tẹ̀lé e wẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ “box” ni olùwà, ẹyọ kan ṣoṣo sì ni. “Is” ló yẹ ẹ́. Ó nídìí tí etí wa kì í fi tètè gbọ́ àṣìṣe yìí. Nínú èdè tiwa, ọmọ náà lọ, àwọn ọmọ náà lọ. Ẹyọ ni o, ọ̀pọ̀ ni o, ọ̀rọ̀-ìṣe kò yí padà. Ọmọ Yorùbá tó bá gbé etí nìkan lọ síbi ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti fi ara rẹ̀ sínú ewu. Ojú ló gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Kí ó wá ọ̀rọ̀-ìṣe, kí ó béèrè ẹni tó ni ín, kí ó fojú fo gbogbo ohun tó há sáàárín àwọn méjèèjì, kí ó wá ka ohun tó kù: “The box are heavy.” Àṣìṣe náà yóò yọ síta fúnra rẹ̀.

Ẹ tún wo èyí: “Entering the hall, the computer frightened Bọ́lá.” Ta ló wọ gbọ̀ngàn? Bọ́lá ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kọ̀ǹpútà ló wọlé. Irú èyí pọ̀ nínú ìdánwò, torí ìtumọ̀ rẹ̀ ti yé ènìyàn kí ó tó rí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti kọ́ láti máa béèrè “ta ló ṣe é?” lẹ́yìn irú ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ṣubú sí i.

Kí ọmọ sì máa fi àwọn ìdáhùn wé ara wọn kí ó tó yan. Bí méjì bá ní “is”, tí mẹ́ta ní “are”, ibẹ̀ ni ìbéèrè náà wà. Lẹ́yìn náà, kí ó dá èyí tí ó mú padà sínú gbólóhùn, kí ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí ìdáhùn mìíràn wà tí ó ń tún àṣìṣe kan ṣe, tí ó sì ń dá òmíràn sílẹ̀.

Ẹni tí ó ra ìdáhùn kò ní ìkankan nínú èyí. Bí wọ́n bá yí ọ̀rọ̀ kan péré padà, “box” di “boxes”, ohun tí ó há sórí ti di òfo. GMAT ìgbà náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí o bá ṣe ń gba ìbéèrè tó, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà á máa gbé èyí tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ síwájú rẹ, kò sì sí ààyè láti padà sẹ́yìn.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, GMAC gbé ẹ̀dà tuntun GMAT jáde tí kò ní àtúnṣe gbólóhùn nínú. Ṣùgbọ́n ìdánwò JAMB tí àwọn ọmọ wa ń ṣe láti wọ yunifásítì ṣì wà níbẹ̀ o. Ohunkóhun tí ọmọ bá fẹ́ kà, ìbáà ṣe ìṣègùn, ìbáà ṣe iṣẹ́ ọ̀gbìn, dandan ni kí ó ṣe Gẹ̀ẹ́sì, ìbéèrè 60 nínú 180 tí yóò dáhùn láàárín wákàtí méjì. Lọ́dọọdún ni àwọn kan ń polówó expo, ìyẹn ìdáhùn ìdánwò tí wọ́n ń tà, lórí WhatsApp àti Telegram, ọdọọdún náà sì ni JAMB ń dá èsì àwọn kan dúró. Àwọn òbí mìíràn ló ń fi ọwọ́ ara wọn san owó expo yìí, wọ́n sì gbà pé ìrànlọ́wọ́ ni.

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, ẹ má san án mọ́. Ẹ fi owó náà ra ìwé ìbéèrè àtijọ́ àti ìwé gírámà kan tó dára. Ẹ wá olùkọ́ tí yóò máa bi ọmọ yín ní ìdí tí ìdáhùn kan fi tọ̀nà, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti SS1, kí ọjọ́ ìdánwò tó kù sí dẹ̀dẹ̀.