Ta Ni Ó Jókòó Ti Màmá?

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn wa tí a fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò nínú ìwé wa yìí. Ọ̀rọ̀ náà ni pé, bí ẹnìkan nínú wa bá sọ pé "Ẹ máa lọ," ǹjẹ́ ó tọ́ kí á máa lọ?

Ìrìn àjò ọjọ́ kan ni ó gbé ìbéèrè yìí dé. Ní ọjọ́ Sátidé kan, àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rìnlá pàdé ní Òkè Baálẹ̀, ní Òṣogbo, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. A wọ bọ́ọ̀sì, a gba Iléṣà kọjá sí Àkúrẹ́, a sì ti ibẹ̀ yà sí Ìdànrè láti lọ wo ààfin àtijọ́ ti Ọwá tí ó wà lórí òkè. A di ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín dání, a sì kọrin títí ọ̀nà fi tán.

Fún àǹfààní àwọn tí kò tíì dé ibẹ̀, òkúta ràbàtà-ràbàtà ni ó yí ìlú náà ká. Láyé ogun, orí òkè yìí ni àwọn ará Ìdànrè fi ṣe ibi ààbò, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n sì fi gbé ibẹ̀. Ní 1923 ni wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá tẹ̀dó sí ìsàlẹ̀. Ààfin náà, kóòtù àtijọ́, àti ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896 ṣì wà lókè níbẹ̀ tí àlejò ń wò. Ní 2007, wọ́n kọ orúkọ òkè náà mọ́ àwọn ibi tí Nàìjíríà ń fẹ́ kí àjọ UNESCO kà sí ogún gbogbo ayé, bí wọ́n ti ka igbó Òṣun tí ó wà nítòsí wa sí i ní 2005. Ẹni tó bá fẹ́ dé ààfin yóò gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600, ṣùgbọ́n àwọn ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà.

Màmá kan wà láàrin wa tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Màmá yìí gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ dá Ìdànrè lábàá, nítorí ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń fẹ́ fojú kan àwọn òpó ààfin tí a gbẹ́ ère sí. Nígbà tí a dé ibi ìsinmi àkọ́kọ́, orúnkún Màmá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: "Ẹ máa lọ, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti rí òkè láti ìsàlẹ̀, ó tó." A ní, "Ẹ má bínú, Màmá, a ń bọ̀ kíákíá." Bẹ́ẹ̀ ni a lọ.

Nígbà tí a dé àgbàlá ààfin, inú wa dùn púpọ̀. Oníkálukú ń wá ibi tí yóò dúró sí kí á lè ya fọ́tò rẹ̀. Àfi bí ẹnìkan ṣe bèèrè pé, "Ta ni ó jókòó ti Màmá?" Gbogbo wa dákẹ́. Olúkúlùkù ti rò pé ẹlòmíràn ni ó dúró. Àwa mẹ́tàlá ni a wà lókè, a pé ṣánṣán.

Méjì nínú wa sáré sọ̀kalẹ̀. Ọmọdébìnrin kan tó ń ta omi ni wọ́n bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, tó ń fi páálí fẹ́ atẹ́gùn sí wọn lára. Màmá kò bínú. Nígbà tí gbogbo wa pé, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi wá: "Báwo ni àwọn òpó náà ṣe rí?" A wo ara wa lójú. Ẹnìkan ní wọ́n dára, ẹlòmíràn ní wọ́n ti gbó. Kò sí ẹni tó lè sọ irú ère tó wà lára wọn.

Àwọn kan nínú wa sọ nínú bọ́ọ̀sì pé a kò jẹ̀bi. Ṣebí Màmá fúnra wọn ni ó ní kí á máa lọ? Bí gbogbo wa bá sì jókòó sílẹ̀, ṣé inú Màmá ìbá dùn pé nítorí wọn ni ẹnikẹ́ni kò fi rí ààfin? Òótọ́ wà nínú èyí. Gígun tí a gun òkè kọ́ ni àṣìṣe wa.

Àṣìṣe wa àkọ́kọ́ ni pé a kò bèèrè lẹ́ẹ̀kejì. Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo; bẹ́ẹ̀ náà ni "Ẹ máa lọ." Ọ̀kan wà tí ó ti inú wá, òmíràn sì wà tí àgbà ń sọ kí ó má bàa di ẹrù sí ọmọ lọ́rùn. Èkejì ni pé a fi Màmá lé gbogbo wa lọ́wọ́ láìdárúkọ ẹnìkan, nítorí náà wọn kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kẹta, èyí tó dùn wá jù, ni pé a kò mú nǹkan kan bọ̀ fún Màmá.

Ẹ rántí Dáfídì nínú Sámúẹ́lì Kìíní, orí 30. Igba ọkùnrin ni ó rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò lè kọjá odò Bésórì, irinwó sì bá a lọ. Nígbà tí ìkógun dé, àwọn kan kò fẹ́ kí àwọn tó dúró rí nínú rẹ̀. Dáfídì kọ̀, ó ní ìpín wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Kò bá àwọn igba náà wí, kò sì dá irinwó dúró. Ẹni tó lọ jẹ ẹni tó dúró ní gbèsè.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí orí òkè nìkan. Nígbà tí a bá dá aṣọ ẹgbẹ́ fún ìkórè, arábìnrin kan a ní, "Ẹ máa rà á, mo ń bọ̀ lẹ́yìn." Ọjọ́ ìkórè, ó jókòó sẹ́yìn. Nígbà tó bá yá, a kò rí i mọ́, olúkúlùkù wa a sì rò pé ẹlòmíràn ti lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní.

Nígbà tí àwọn ará Ìdànrè ń sọ̀kalẹ̀ ní 1923, arúgbó wà láàrin wọn, aboyún wà, ọmọ ọwọ́ wà. Ìlú kì í ṣí kí ó fi àgbà sílẹ̀ kí á ṣì máa pè é ní ìlú. Kò sí ọba tó ń gbé inú ààfin tí a lọ wò mọ́. Àwọn ènìyàn tó jọ sọ̀kalẹ̀ ni Ìdànrè.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, a kó àwọn fọ́tò wa jọ lọ sí ilé Màmá. Ojú tiwa ni ó bo àwọn ère náà mọ́lẹ̀ nínú gbogbo wọn. Màmá rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì wá. Nítorí náà a pinnu pé kí á tó gbéra lọ́jọ́ mìíràn, a ó dárúkọ ẹni tí yóò jókòó ti ẹni tó bá rẹ̀, a ó máa gbà á fún ara wa, a ó sì yan ẹni tí yóò wo nǹkan dáadáa láti wá ròyìn.

Kí ìpàdé wa tó ń bọ̀ tó dé, ẹ jẹ́ kí á wo àyè tó ṣófo lórí bẹ́ǹṣì wa, kí á sì bi ara wa pé: ta ni ó jókòó tì í?