Ẹni Tí Ó Dá Dúró

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí àwa òbí àti olùkọ́ máa ń sọ fún àwọn ọmọ wa, tí a kì í sì í kíyèsí i pé wọ́n tako ara wọn. Bí ọmọ bá ń ṣe ohun tí a kò rí irú rẹ̀ rí, a ó wí fún un pé, "Ṣe bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti ń ṣe." Bí ó bá sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà lọ hùwà búburú, a ó bi í pé, "Ìwọ kò ha ní orí tìrẹ lọ́rùn bí?" Èwo ni kí ó gbọ́ nínú méjèèjì? Ó yẹ kí àwa fúnra wa kọ́kọ́ mọ ìdáhùn kí a tó na ọwọ́ sí pàṣán.

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò lóṣù yìí nìyí: ǹjẹ́ yíyàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́ ìwà rere nínú ara rẹ̀? Òwe nìkan kò lè yanjú rẹ̀, nítorí òwe wà ní ìhà méjèèjì. Àwọn baba wa wí pé igi kan kì í dá igbó ṣe. Àwọn kan náà ni ó sì wí pé ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́, àńjọ̀fẹ́ kú, a kò rí ẹnìkan. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀ràn náà nínú ìgbé-ayé àti iṣẹ́ àwọn tí wọ́n yàn láti dá dúró.

Irú orin kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ ayé òde òní fẹ́ràn, tí a ń pè ní rọ́ọ̀kì; gìtá oníná àti ìlù líle ni ó gbé e ró. Nínú rẹ̀ ni ẹ̀ka kan wà tí ó sọ ara rẹ̀ di aláyàtọ̀, tí kò fẹ́ kí orin òun dàbí èyí tí ọjà ń béèrè. Nínú ẹ̀ka yìí ẹ̀wẹ̀ a rí àwọn kan tí kò tilẹ̀ fẹ́ ní ẹlẹgbẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni yóò kọ ọ̀rọ̀ orin, òun ni yóò ta gìtá, òun ni yóò tẹ dùùrù, òun ni yóò fi ẹ̀rọ to ohùn ìlù, òun náà ni yóò sì kọrin. Síbẹ̀ yóò fún iṣẹ́ náà ní orúkọ bí ẹni pé ẹgbẹ́ ńlá kan ni. Àwọn kan nínú wọn a sì máa ka ìwé àwọn òǹkọ̀wé tí ilẹ̀ Faransé pè ní Décadents. Àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí gbà pé ayé ìgbà tiwọn ti ń rà, wọ́n sì ń wá ẹwà nínú rírà náà.

Olórí nínú àwọn ìwé wọ̀nyí ni À rebours, tí Joris-Karl Huysmans tẹ̀ jáde ní 1884. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ sún mọ́ rírìn lódìkejì sí bí nǹkan ti ń lọ. Ìtàn ọkùnrin ọlọ́rọ̀ kan ni, Des Esseintes, ẹni ìkẹyìn nínú ìdílé ọlọ́lá. Ayé sú u, ènìyàn sì sú u. Ó ra ilé sí Fontenay-aux-Roses, ní ẹ̀yìn ìlú Paris, ó sì ti ara rẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Ọ̀sán ni ó fi ń sùn, òru ni ó fi ń ṣe ọ̀sán. Ó mú kí àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ máa wọ bàtà rírọ̀, kí ó má baà gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn lórí òun. Ó ra ìjàpá kan, ó mú kí a fi wúrà bo ẹ̀yìn rẹ̀, kí a sì to òkúta iyebíye sí i lára, kí ó lè máa tàn bí ó ti ń rìn lórí ẹní olówó iyebíye. Ìjàpá náà kú. Kò lè ru ẹwà tí a dì lé e. Ní ìgbẹ̀yìn, àìsàn kọlu ọkùnrin náà fúnra rẹ̀, oníṣègùn sì pàṣẹ pé kí ó padà sí Paris kí ó máa gbé bí àwọn ènìyàn yòókù ti ń gbé, bí kò bá fẹ́ kí orí rẹ̀ dàrú tàbí kí ó kú.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé ẹni tí ó kọ ìwé yìí kò gbé ayé bẹ́ẹ̀ rárá. Akọ̀wé ìjọba ni Huysmans. Fún ohun tí ó ju ọdún 30 lọ ni ó fi ń lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Paris, tí ó ń jókòó láàárín àwọn akọ̀wé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó ń da ìwé ìjọba kọ. Ó mọ̀ dájú bí ariwo ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń súni, ó sì fi ọkàn dán an wò bí ẹnì kan bá lè sá fún un pátápátá. Ìdájọ́ tí ìwé náà ṣe ni pé kò ṣeé ṣe. Barbey d'Aurevilly, òǹkọ̀wé àgbà kan ní ìgbà náà, kà á, ó sì sọ pé lẹ́yìn irú ìwé báyìí, ọ̀nà méjì péré ni ó kù fún ẹni tí ó kọ ọ́: ẹnu ìbọn, tàbí ẹsẹ̀ àgbélébùú. Ní 1892 Huysmans padà sínú Ìjọ Àgùdà, níbẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú ní 1907.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òǹkàwé ni ó mú aṣọ Des Esseintes, tí wọ́n sì fi ìdájọ́ oníṣègùn sílẹ̀. Okìkí ìwé náà kò sì parẹ́. Ní 2005, nǹkan bí ọdún 120 lẹ́yìn rẹ̀, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Babyshambles, fi orúkọ rẹ̀ gan-an pe ọ̀kan nínú àwọn orin wọn. Bí ilé tí a tì pa náà ti rí nígbà tí ó bá di ilé orin ni a fẹ́ wò báyìí, nínú ìtàn ẹlòmíràn tí a kò sọ pé ó kọ́ ọ láti ọwọ́ Huysmans, ṣùgbọ́n tí ó rin ọ̀nà tí ó jọ ọ́.

Trent Reznor ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, tí a bí ní 1965. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan ní Cleveland. Ó ń ran àwọn oníṣẹ́ lọ́wọ́, ó sì ń gbálẹ̀. Ẹni tí ó ni ilé náà gbà á láyè pé kí ó máa lo àwọn ẹ̀rọ nígbà tí kò bá sí oníbàárà. Kò rí ẹgbẹ́ tí ó lè ṣe orin tí ó ń gbọ́ nínú orí rẹ̀, nítorí náà ó dá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ ṣe. Ó pe iṣẹ́ náà ní Nine Inch Nails, àwo orin àkọ́kọ́ sì jáde ní 1989. Títí di 2016, òun nìkan ni ọmọ ẹgbẹ́ náà ní tòótọ́; àwọn yòókù kàn ń bá a lọ sórí ìtàgé ni. A kò rí ẹ̀bi kankan nínú èyí. Ẹni tí ó gbálẹ̀ lọ́sàn-án tí ó sì ṣiṣẹ́ lóru kì í ṣe ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi.

Ìṣòro dé nígbà tí ó fẹ́ ṣe àwo The Downward Spiral, tí ó jáde ní 1994, ìtàn ẹnì kan tí ó ń bọ́ ohun gbogbo kúrò lára títí ó fi dé ìparun. Ó gba ilé kan ní Los Angeles, ó sì kó àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ sí i. Nínú ọgbà ilé náà ni àwọn ọmọlẹ́yìn Charles Manson ti pa ènìyàn 5 ní 1969, títí kan Sharon Tate, òṣèré tí ó wà nínú oyún. Reznor mọ̀, kò sì kúrò. Kódà ó fún yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ní orúkọ tí ó tọ́ka sí ọ̀rọ̀ tí àwọn apànìyàn fi ẹ̀jẹ̀ kọ sára ilẹ̀kùn. Lójú rẹ̀, ibi ìtàn ni, ohun àjèjì tí àwọn ènìyàn jẹ́jẹ́ kò lè fọwọ́ kàn. Lẹ́yìn náà ó bá àbúrò obìnrin olóògbé náà pàdé. Obìnrin náà bi í bóyá ikú ẹ̀gbọ́n òun ni ó ń fi ṣe èrè. Ní 1997 Reznor fúnra rẹ̀ sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn pé títí di ọjọ́ náà òun kò rò ó rí láti ìhà ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣòfò, àti pé nígbà tí òun délé, òun sunkún.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níhìn-ín, nítorí ibí ni ìdáhùn wa wà. Kì í ṣe dídá dúró ni ó mú un ṣẹ̀, nítorí ó ti dá dúró ní Cleveland láìṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ilẹ̀kùn tí ó tì mọ́ ariwo ọ̀pọ̀ ènìyàn ti tì mọ́ ẹkún ẹnì kan pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún Des Esseintes: ìjàpá wà níwájú rẹ̀, ó sì rí wúrà, kò rí ohun alààyè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn àti ọmọnìkejì kì í ṣe ohun kan náà. A lè kọ èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn sílẹ̀, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ di dandan, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti pa ohùn pọ̀ rí láti pa aláìṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ ọmọnìkejì sílẹ̀ kò di òmìnira. Ó kàn sọ ara rẹ̀ di adití.

Ìtàn náà kò parí sínú ilé yẹn. Orin tí ó kẹ́yìn nínú àwo 1994 náà ni "Hurt", orin ẹni tí oògùn olóró àti ìkórìíra ara rẹ̀ ti mú lẹ́rú. Ní 2002 Johnny Cash, olórin àgbà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí onígbàgbọ́, tí òun náà sì ti jẹ ìyà oògùn nígbà èwe rẹ̀, tún orin yìí kọ. Ó yí ọ̀rọ̀ èérí kan padà, adé inú orin náà sì di adé ẹ̀gún. Ara rẹ̀ kò le mọ́, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, ní ẹni ọdún 71. Inú Reznor kò kọ́kọ́ balẹ̀ sí i pé kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí àwòrán arúgbó náà tí ń kọ ọ́, ó gbà pé orin náà kì í ṣe ti òun mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ti jáwọ́ nínú oògùn ní 2001. Ní 2016 ó sì gba Atticus Ross, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́, wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ kejì.

Ẹnì kan lè wí pé, "Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ì bá ti dára kí ó má dá dúró láti ìbẹ̀rẹ̀." A kò gbà. Bí ó bá ti ṣe bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe, kì bá tí sí orin tí arúgbó náà yóò fi jẹ́wọ́ ìgbé-ayé rẹ̀. Ohun tí a kọ ní ìdákẹ́ ni ó wúlò fún ẹlòmíràn lẹ́yìn náà. Nítorí náà ìdáhùn wa ni pé yíyàtọ̀ kì í ṣe ìwà rere, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Yàrá kan ni. Ohun tí a ó bi ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé, bí ẹnì kan bá pè é láti ìta, ǹjẹ́ yóò gbọ́?

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀ràn yìí kò jìnnà sí yín. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ti tó lónìí fún ọmọ ilé-ìwé láti dá ṣe iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ olórin kan ń ṣe nígbà kan rí. Ẹ ó rí èyí tí kò ní wá sí ẹgbẹ́ akọrin, tí yóò máa ka ìwé tí ẹ kò fẹ́ràn, tí aṣọ dúdú yóò sì máa wù ú. Ẹ má ṣe fi í ṣe ẹlẹ́yà níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ má sì ṣe yìn ín nítorí pé ó yàtọ̀ nìkan. Ẹ kíyèsí bí ó ti ń ṣe sí àbúrò rẹ̀ tí ń ṣàìsàn, àti sí ẹni tí ń gbá ilẹ̀ kíláàsì. Bí ó bá sì ti ilẹ̀kùn, ẹ má ṣe já a. Ẹ kàn án, kí ẹ sì dúró títí yóò fi dáhùn.