Gbèsè Èdè Tí A Jẹ Àwọn Ọmọ Wa

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ń gbé ìlú Ìbíní, ìlú tí ó gbà wá yìí ní ìtàn kan nípa ọmọ tí kò fọhùn. Olóògbé Jacob Egharevba, òpìtàn Ẹ̀dó, kọ ọ́ sínú ìwé. Erinmwinde ará Egor ni ìyá ọmọ náà. Ọ̀rànmíyàn, bàbá rẹ̀, ti padà sí Ifẹ̀. Nígbà tí bàbá gbọ́ pé ọmọ òun yadi, ó fi èso akhuẹ méje ránṣẹ́ kí ó máa fi ṣeré. Ọmọ ta èso, ó bà á, inú rẹ̀ dùn, ó kígbe pé, "Owomika!" Níbẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ Ẹwẹka ti wá. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò gbọ́ "ọwọ́ mi" nínú igbe náà.

Àwọn Ẹ̀dó ní ìtàn tiwọn nípa ibi tí Ọ̀rànmíyàn ti ṣẹ̀; n kò wá dá ẹjọ́ yẹn. Ohun tí mo ń rò ni pé bàbá tí ó wà lọ́nà jíjìn rí nǹkan fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀. Kí ni àwa tí a ń bá ọmọ sùn nínú ilé kan náà ń fún un?

Ọmọ ti ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ láti inú oyún. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ó lè mọ ìyàtọ̀ láàrin ìró èdè tí kò gbọ́ rí. Kí ó tó pé ọdún kan, etí rẹ̀ ti ń tẹ̀ sí èdè ilé. Ẹni tí kò gbọ́ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ní kékeré lè kọ́ wọn lágbà, ṣùgbọ́n yóò làágùn.

Nígbà kan, ìyá mi wá kí wa láti Ìkìrun. Ó bá ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́rin sọ̀rọ̀. Ọmọ wo ojú mi pé kí n túmọ̀ rẹ̀. Màmá kò bínú, wọ́n kàn dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ń dùn mí títí dòní, nítorí èmi ni mo pàṣẹ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí a máa sọ nílé, kí Yorùbá má baà da orí ọmọ rú.

Àwọn kan yóò ní Yorùbá kì í fún ọmọ níṣẹ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Èdè méjì kì í da orí ọmọ rú. Bí ọmọ bá pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ etí rẹ̀ wò; ẹ má di ẹ̀bi ru Yorùbá.

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ ní kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, wọ́n fagi lé e. Nítorí náà, ọrùn òbí ni ẹrù náà wà.

Ṣé ẹ̀bùn ni èdè, àbí gbèsè? Ẹ̀bùn ni ènìyàn lè fúnni tàbí kí ó má fúnni. Ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ kò lè béèrè, kò sì lè kọ̀. Nígbà tí yóò fi lè béèrè, ìgbà tí ó rọrùn jù ti kọjá. Gbèsè ni. Ẹ má sì fi ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá ṣe yẹ̀yẹ́; ajigbèsè ni ẹ bá wí.

Ẹ kì í ní oríkì láàárọ̀, ẹ bá a sọ̀rọ̀ bí ẹ ti ń wẹ̀ ẹ́. Kí ó gbọ́ Ẹ̀dó pẹ̀lú, nítorí ilẹ̀ onílẹ̀ ni ó ń tọ́ ọ. Èdè wa kò ní parun mọ́ wa lẹ́nu o. Àṣẹ.