Ẹ̀ga àti Kòkòrò Àìfojúrí: Èwo ni Ọ̀tá?

Ìbéèrè kan yẹ fún àròjinlẹ̀: ṣé ẹ̀dá tí ó ń pa ènìyàn lára ni à ń pè ní ọ̀tá ni, tàbí ẹ̀dá tí ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí etí ó sinmi?

Kò sí àgbẹ̀ Ìmẹ̀sí-Ilé tí kò mọ ẹ̀ga. Ó wà lára àwọn ẹyẹ akọrin. Akọ rẹ̀ ni í ya imọ̀ ọ̀pẹ láti fi hun ilé. Bí abo bá sì kọ ilé náà, akọ a tú u, a tún òmíràn hun. Ó ń jẹ ọkà olóko, nítorí náà ni ọmọdé ṣe ń fi kànnàkànnà lé e.

Ẹ̀dá kejì kò lóhùn. Jules Bordet àti Octave Gengou, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ni wọ́n ṣe àlàyé rẹ̀ ní 1906. Bordetella pertussis ni orúkọ rẹ̀. Bí 1,000 rẹ̀ bá tò lẹ́sẹẹsẹ, gígùn wọn kò tó mìlímítà 1. Ọ̀nà ọ̀fun ènìyàn nìkan ni ibùgbé rẹ̀. Òun ni í fa ikọ́ líle tí í mú ọmọdé húkọ́ títí èémí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà.

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley, ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, tọpasẹ̀ àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé láti ìgbà ìbí wọn. Ikọ́ yìí wà lára àrùn tí ó ń dà wọ́n láàmú. A ń lé ẹyẹ lóko. Apani wà nílé.

Síbẹ̀, ta ni ó jẹ̀bi? Ẹ̀ga kò kórìíra olóko. Oúnjẹ ni ó ń wá. Kòkòrò náà kò mọ̀ pé ọmọ ènìyàn ń bẹ láyé. Ẹni tí kò ní èrò kò lè ní ẹ̀bi. Ìyá tí ikọ́ náà pa ọmọ rẹ̀ nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára kò tí ì dé, kò jẹ̀bi pẹ̀lú, nítorí kò sí ohun tí ó lè ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ lónìí, tí abẹ́rẹ́ wà ní àrọ́wọ́tó rẹ̀, tí ó sì fi ọwọ́ lẹ́rán, kò ní àwáwí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀mọ̀wé tí ó fi ìmọ̀ pamọ́ fún aládùúgbò rẹ̀.

Ẹ̀ga a máa kígbe kí olóko tó lé e. Kòkòrò àìfojúrí kì í kígbe. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ni ó gbọ́dọ̀ kígbe fún ará yòókù.