Lẹ́ǹsì Gígùn Kì Í Kíni

Inú ṣì ń bí mi. Ẹ̀gbọ́n mi kan ló fi fótò náà ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù: màmá àgbà kan lórí àpótí ní ọjà Balógun, l'Ékòó, ewé ẹ̀kọ lọ́wọ́ òsì, òkèlè lẹ́nu, gèlè ti ń yọ̀ sẹ́yìn. Wọ́n kọ “Ìyà” gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀. Ìyà kẹ̀? Mo mọ màmá yìí. Ọ̀dọ̀ wọn la ti ra aṣọ ìgbéyàwó mi. Ṣọ́ọ̀bù wọn ló wà lápá ọ̀tún fótò náà tí wọ́n gé dànù, àǹkárá kún ibẹ̀ dé àjà, àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn kì í sì í jìnnà sí wọn. Ẹ wo igun fótò náà dáadáa: ìka mẹ́rin ló kù níbẹ̀, tó di ife omi mú, kò lápá, kò lójú. Ọmọ tó ń gbé omi bọ̀ fún wọn nìyẹn. Onífótò ti gé e dànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá.

Ìwà pẹ̀lẹ́, òtítọ́, àánú, gbogbo wọn ló yẹ ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni èmi àti onífótò yìí jọ fẹ́ sọ. Ta ló máa kọjá níwájú irú àgbà bẹ́ẹ̀ tí kò ní kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀, ó kéré tán kó ní, “Ẹ kú ọjà o, Mà”? Ọ̀gbẹ́ni yìí kò kọjá níwájú wọn rárá. Òkèèrè ló wà, tó na lẹ́ǹsì bí ẹni ń fi gọ̀ǹgọ̀ já ọsàn onílé. Fótò náà fúnra rẹ̀ ló tú u fó: agbòòrùn àwọn ọlọ́jà tó wà nísàlẹ̀ títì lọ́hùn-ún ti wá gorí gèlè màmá. Bó o bá jìnnà, tó o wá fi lẹ́ǹsì fa nǹkan mọ́ra, iwájú àti ẹ̀yìn á máa gun ara wọn. Kódà kó má ní lẹ́ǹsì gígùn, bó bá dúró síbẹ̀ yà á, tó wá gé e nílé, bákan náà ni yóò rí, nítorí ibi téèyàn dúró sí ló ń pinnu ìyẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣẹ̀, kó tó kan ọwọ́.

Robert Capa, onífótò ogun tí bọ́ǹbù inú ilẹ̀ pa ní Vietnam ní 1954, ló máa ń wí pé bí fótò rẹ kò bá dára tó, o ò sún mọ́ ọn tó ni. Capa sún mọ́ ìbọn. Tiwa ò lè sún mọ́ màmá aláṣọ! Ojú lọ̀rọ̀ wà, ẹni tó bá sì ń sá fún ojú mọ ohun tó ń ṣe.

Wọ́n á ní òfin ò lòdì sí i. Mo gbọ́. Onífótò kan, Philip-Lorca diCorcia, ya àwọn èèyàn ní Times Square, New York, láàárín 1999 sí 2001, láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Bàbá Júù kan nínú wọn pè é lẹ́jọ́, ó ní ẹ̀sìn òun kọ irú rẹ̀. Ní 2006, ilé ẹjọ́ dá onífótò láre, wọ́n ní iṣẹ́ ọnà ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ òfin ni adájọ́ Amẹ́ríkà ń dá, kì í ṣe ti ìwà.

Mo gbà, díẹ̀ náà ni, pé bí a bá kọ́kọ́ kíni, ojú á yí padà, èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í tún gèlè ṣe. Gígé náà ò sì burú nígbà gbogbo. Henri Cartier-Bresson, onífótò tó kórìíra kí wọ́n gé fótò òun, gé èyí tó yà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin Saint-Lazare, ní Paris, ní 1932, torí pákó ọgbà dí lẹ́ǹsì rẹ̀ lójú. Pákó ló gé o. Kò gé ọmọ tó ń gbé omi fún ìyá. Agbẹ́jọ́ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà: orúkọ tó yẹ onífótò tiwa nìyẹn.

Ẹ̀yin onífótò ìgboro, bẹ́ ẹ bá fẹ́ yà á kẹ́ ẹ tó kí wọn, ẹ yà á. Ṣùgbọ́n ẹ rìn lọ bá wọn lẹ́yìn náà, ẹ kí wọn, ẹ fi hàn wọ́n. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ pa á rẹ́, ẹ pa á rẹ́ lójú wọn níbẹ̀.