Njẹ́ A Lè Kọ́ Ọmọdé Li Àlàáfíà?

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ tí a fi àwọn ọmọ ìjọ lé lọ́wọ́, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi gbogbo li a ńgbàdúrà fún àlàáfíà nínú ilé Olúwa. Ṣùgbọ́n a kì í sábà bi ara wa bóyá àlàáfíà jẹ́ ohun tí a lè kọ́ ọmọdé, gẹ́gẹ́bí a ti ńkọ́ ọ ní ìṣirò àti ìwé kíkà. Àwọn ará Jàpáánì ti dán an wò, ohun tí ojú wọn sì rí yẹ fún àròjinlẹ̀ wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí pé ilé-ẹ̀kọ́ lè múra ọmọ sílẹ̀ fún ogun pẹ̀lú. Li ọdún 1890, ọba-ńlá wọn pa àṣẹ kan lórí ẹ̀kọ́, èyí tí nwọ́n a máa kà sí etí àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ó ní kí nwọ́n bọ̀wọ̀ fún òbí, kí nwọ́n fẹ́ràn ọmọ ìyá wọn, kí nwọ́n sì fi ara wọn fún ìjọba bí ewu bá dé. Ta li yíò tètè rí àléébù nínú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Síbẹ̀ ìgbọ́ràn tí a fi kọ́ wọn li ó bá wọn lọ sí ogun ní Ṣáínà àti ní ilẹ̀ Bọ́mà, níbití àwọn bàbá wa tí ó wà nínú Dífíṣọ̀n 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà ti dojú kọ wọn láàárín ọdún 1943 sí 1945. Àwọn tí bàbá wa bá jà nínú igbó nnì ti jókòó rí níwájú olùkọ́ nígbà èwe wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 6, oṣù Kẹjọ, ọdún 1945, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 12 àti 13, wà ní ìgboro Hiroshima. A kó wọn jáde láti wó ilé, kí àyè lè wà tí iná ogun kì yíò lè ré kọjá. Nígbàtí agogo 8 kọjá ìṣẹ́jú 15, bọ́ǹbù átọ́míìkì ti Amẹ́ríkà bú lórí ìlú náà. Kí ọdún nnì tó parí, ìwọ̀n ènìà 140,000 li ó ti kú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ọmọ wọ̀nyí sì wà nínú wọn. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́hìn ti Hiroshima ni ti Nagasaki.

Li ọdún 1947, Jàpáánì ṣe òfin ẹ̀kọ́ titun, tí ó ní kí a tọ́ àwọn ènìà tí ó fẹ́ òtítọ́ àti àlàáfíà. Ọdún náà li a dá ilé-ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́ta sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ọdún 12 sí 15. Li ọdún 1951, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ wọn ṣe ìlérí pé àwọn kì yíò tún rán akẹ́kọ̀ọ́ àwọn lọ sí ojú ogun mọ́. Títí di òní, ọ̀pọ̀ irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ńkó àwọn ọmọ lọ sí Hiroshima, tàbí Nagasaki, tàbí Okinawa, kí nwọ́n lè fi ojú ara wọn rí, kí nwọ́n sì gbọ́ ẹ̀rí lẹ́nu àwọn arúgbó tí ó kù.

Nwọ́n a gbọ́ ìtàn Sadako Sasaki pẹ̀lú. Ọmọ ọdún méjì ni nígbàtí bọ́ǹbù bú. Ó dàgbà, ó sì lè sáré púpọ̀; ṣùgbọ́n àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ mú un, ó sì kú li ọdún 1955, li ọmọ ọdún 12. Lórí àkéte àìsàn, ó ńká tákàdá, ó ńfi í ṣe ẹiyẹ ọlọ́rùn gígùn kan tí àwọn ará Jàpáánì kà sí àmì ẹ̀mí gígùn. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ owó. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ jákèjádò Jàpáánì àti ní òkèèrè dá sí i, títí a fi ṣí ère ìrántí àwọn ọmọdé ní Hiroshima li ọdún 1958. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wí pé àwọn ọmọ wọ̀nyí kò kọ́ àlàáfíà, kò mọ ohun tí ó ńsọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀ràn náà gbé le nìyí. Àwọn àgbà wa a máa wí pé, bí a bá ńsunkún, a máa ńríran. Njẹ́ ẹni tí ó ńsunkún òkú ara rẹ̀ ńrí òkú ẹlòmíràn? Ọ̀pọ̀ ará Kòríà, tí ilẹ̀ wọn wà lábẹ́ Jàpáánì láti ọdún 1910, kú ní Hiroshima pẹ̀lú. Nígbàtí a gbé òkúta ìrántí wọn dúró li ọdún 1970, òde ọgbà ìrántí ńlá li ó wà. Ọdún 1999 ni a tó gbé e wọlé. Nanjing nkọ́, níbití ọmọ ogun Jàpáánì ti pa àwọn ará ìlú àti àwọn tí nwọ́n kó li ogun lọ́pọ̀lọpọ̀ li ọdún 1937? Láti ọdún 1965 títí di 1997 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ienaga Saburo fi bá ìjọba ṣe ẹjọ́, nítorí ọ̀rọ̀ tí nwọ́n ní kí ó yọ tàbí kí ó yí padà nínú ìwé ìtàn tí ó kọ fún ilé-ẹ̀kọ́.

Ẹlòmíràn yíò wí pé: ẹ̀ṣẹ̀ wo li ọmọ ọdún 13 dá, tí a ó fi di ìtìjú bàbá-ńlá rẹ̀ rù ú? Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwa kò gbà pé ẹ̀bi ńti ọwọ́ bàbá bọ́ sí ọwọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ kì í ṣe ẹ̀bi. Ọmọ tí ó jogún ilẹ̀ ní láti mọ ààlà rẹ̀, àti ìjà tí ó wà lórí rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀kọ́, yíò ṣẹ aládùúgbò rẹ̀ láìmọ̀. Ẹni tí ó mọ kìkì ohun tí a ṣe sí on, yíò fẹ́ kí a má tún ṣe é sí on mọ́: ìbẹ̀rù li èyí, kò tíì di àlàáfíà. Ẹni tí ó mọ ohun tí àwọn tirẹ̀ ṣe sí ẹlòmíràn li ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ka àjèjì ọ̀nà jíjìn sí ọmọnìkéjì rẹ̀.

Ìjọ Anglican ní Jàpáánì, Nippon Sei Ko Kai, ti fi àpẹẹrẹ lélẹ̀ fún wa. Li ọdún 1996, Sínódù wọn jẹ́wọ́ níwájú Ọlọ́run pé ìjọ náà ti ti ìjọba amúnisìn àti ogun lẹ́hìn, nwọ́n sì tọrọ ìdáríjì. Ó ju àádọ́ta ọdún lọ lẹ́hìn ogun kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà nítorí pípẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa li ohun tí àwa kò tíì sọ.

Nítorí náà ìdáhùn wa ni pé a lè kọ́ ọmọdé li àlàáfíà, ṣùgbọ́n a kò lè fi ìdajì ìtàn kọ́ ọ. Ẹ̀yin olùkọ́, nígbàtí ẹ bá ńsọ fún àwọn ọmọ nípa ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ li ọdún 1877, ẹ má ṣe sọ kìkì ohun tí a ṣe sí ìlú tiwa. Ẹ sọ ohun tí ìlú tiwa ṣe pẹ̀lú. Kí Ọlọ́run àlàáfíà fi òtítọ́ sí wa li ẹnu, kí ó sì jẹ́ kí ojú wa máa ríran, àní nígbàtí omijé bá wà nínú rẹ̀. Àmín.