Ta Ni Ó Ni Ọjọ́?

Ní ọdún 2011, mo gba lẹ́tà kan láti Amẹ́ríkà pé kí n fi iṣẹ́ mi ránṣẹ́ kí 05/06 tó kọjá. Mo fọkàn balẹ̀, nítorí ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ni èmi kà níbẹ̀. Ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún ni àwọn ní lọ́kàn. Nígbà tí n óò fi dé ọjà, ọjà ti tú. N kò lè sọ pé wọ́n purọ́ fún mi, n kò sì gbà pé èmi ni mo ṣì í kà. Ta ni kí a wá dá lẹ́bi?

Kọ̀ǹpútà ni ó tẹ ọjọ́ náà. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà, àkókò kò ní ọjọ́, kò ní oṣù. Iye ìṣẹ́jú-àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 ni wọ́n ń kà. Ìgbà tí a bá fẹ́ fi iye náà han ènìyàn ni ẹ̀rọ máa ń wọ aṣọ fún un. Irú aṣọ tí yóò wọ̀ fún un wà lọ́wọ́ ohun tí àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń pè ní locale, èyíinì ni èdè àti ilẹ̀ tí a ní kí ẹ̀rọ tẹ̀lé. Bí ó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, oṣù ni yóò ṣáájú. Bí ó bá jẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí tiwa ní Nàìjíríà, ọjọ́ ni. Bí ẹni tí ó kọ ètò náà kò bá sì yan ọ̀kankan, ti Amẹ́ríkà ni ó sábà máa ń bọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ni ISO 8601 ti là á sílẹ̀ láti 1988: kí ọdún ṣáájú, kí oṣù tẹ̀ lé e, kí ọjọ́ kẹ́yìn. Ẹni tí ó ń kọ̀wé sí àjèjì, tí kò lo èyí, tí kò sì pe oṣù lórúkọ, òun ni mo dá lẹ́bi, kì í ṣe ẹ̀rọ rẹ̀.

Ẹnìkan lè ní kí a sáà fi Yorùbá sínú ẹ̀rọ. Ó ti wà níbẹ̀. Nínú CLDR, àkójọ tí àjọ Unicode ń tọ́jú, oṣù Ṣẹ́rẹ́ wà, Ọjọ́ Àbámẹ́ta wà. Àkọtọ́ àwọn ará wa ní ilẹ̀ Benin, tí ń lo ɔ àti ɛ, ní àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo aago. Nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì pín ọjọ́ sí AM àti PM, wọ́n fi Àárọ̀ sí àyè ti àkọ́kọ́, wọ́n fi Ọ̀sán sí ti èkejì. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ wá di aago mẹ́sàn-án ọ̀sán! Ọmọ ọdún mẹ́ta pàápàá yóò rẹ́rìn-ín.

N kò bínú sí ẹni tí ó kọ ọ́. Àyè méjì ni wọ́n fún un, ó sì fi ọ̀rọ̀ méjì dí i. Ṣùgbọ́n àkójọ kan náà gba ìpín tí ó ju méjì lọ; èdè Swahili ní mchana fún ọ̀sán níbẹ̀, jioni fún ìrọ̀lẹ́, usiku fún òru. Ta ni nínú àwa olùkọ́ Yorùbá ni ó ti kọ̀wé sí wọn nípa alẹ́?